Bí a ṣe ń rin Ọjà Ìbà àti Òkè Màpó, ojúde ogun tí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀

Bí awakọ̀ Micra bá pariwo "Ọjàa'ba! Ọjàa'ba!", ọ̀pọ̀ àlejò á rò pé Ọjà Ọba ló ń pè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjà Ìbà ni. Ìbà Olúyọ̀lé, Baṣọ̀run Ìbàdàn, la fi orúkọ rẹ̀ pè é; kí ó tó di alágbára, ọjà Lábòsíndé ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ẹni tó bá gbà pé ọjà ọba lòun ń lọ á máa wá ààfin àtijọ́ àti adé ìlẹ̀kẹ̀, kò sì ní rí wọn. Ìbàdàn ò lọ́ba nígbà tí ojúde yìí bẹ̀rẹ̀. Orúkọ oyè Olúbàdàn gan-an, ọdún 1936 ló dé, ó sì di 1976 kí adé ìlẹ̀kẹ̀ tó gorí ẹni tó jẹ ẹ́. Àwọn ológun ló pàgọ́ síbi tí ọjà yìí wà, tí wọn ò sì tú àgọ́ náà ká mọ́. Bùdó ogun lẹ ń lọ wò. Bí ẹ bá fi ìyẹn sọ́kàn, gbogbo ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ á máa bá yín sọ̀rọ̀.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn ín láàárín ọjọ́ kan.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ yan ọjọ́ dáadáa. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kò dára, nítorí pé àwọn èèyàn máa ń gba Gbọ̀ngàn Màpó fún ìgbéyàwó àti ìnáwó lọ́jọ́ náà; ariwo ẹ̀rọ agbóhùnsókè àti ọkọ̀ tó kún orí òkè kò ní jẹ́ kí ẹ rí nǹkan kan wò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú ló tẹ́ mi lọ́rùn jù. Ẹ ti débẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, kí oòrùn tó mú, kí ọjà sì tó kún débi tí ẹsẹ̀ ò ní rí àyè.

Ọyẹ́ máa ń bo ojú ìlú ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìn-ín-ní, tí òkè ọ̀ọ́kán á sì dà bí èéfín. Ẹni tó fẹ́ rí ìlú láti orí òkè, oṣù Kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ni kí ó wá, nígbà tí òjò ti fọ ojú ọ̀run tán.

Ẹ tún béèrè ọdún ìbílẹ̀ tó bá wà nílẹ̀. Ọdún Òkè'Bàdàn máa ń bọ́ sí oṣù Kẹta. Lọ́jọ́ náà, àṣà ni pé wọn kì í dáná, ọjà kì í ná, àwọn ọ̀dọ́ á sì máa kọ orin ìhòòhò kiri ìgboro, tí wọ́n ń bú olówó àti tálákà pọ̀. Kí àlejò má bínú: ìrántí ìgbà tí àwọn ará ìlú Lágelú, ẹni tó kọ́kọ́ tẹ Ìbàdàn dó kí ó tó di ahoro, sá sórí òkè, tí wọ́n ń jẹ òro àti ìgbín, ni wọ́n ń ṣe. Nípa ti egúngún, mo fi tọkàntọkàn bẹ ẹ̀yin obìnrin tó bá fẹ́ wá láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Keje pé kí ẹ béèrè ọjọ́ tí Olóòlù máa jáde. Obìnrin kì í rí Olóòlù. Ẹ má ṣe dán an wò, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé eré ni. Ìyá tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì á sọ ọjọ́ náà fún yín láìjẹ́ pé ẹ wá ìwé kankan.

Bàtà pẹlẹbẹ tó lè gun òkè, omi, owó wẹ́wẹ́ fún ọkọ̀, àti owó díẹ̀ tí ẹ ó fi kí àgbà inú agboolé: ẹrù yín ò ju ìyẹn lọ. Bí ẹ bá mọ ọmọ Ìbàdàn kan tó dàgbà sí ìgboro, ẹ mú un dání. Àwọn ilẹ̀kùn kan wà tí owó ò lè ṣí, tí "ọmọ ilé lágbájá ni mí" á ṣí wẹ́rẹ́.

Ọ̀nà tí ẹ ó gbà wọlé

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó, Mọ́níyà ló máa sọ̀ sí. Láti ibẹ̀, ẹ wọ takisí bọ̀ wá sí ìgboro, kí ẹ sì béèrè ọkọ̀ Bẹẹrẹ. Bẹẹrẹ ò jìnnà sí Màpó rárá. Ọ̀nà yìí yá jù.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá ọkọ̀ ilẹ̀ wá láti Èkó, mo fẹ́ kí ẹ sọ̀ ní Challenge, kí ẹ sì gba ọ̀nà Mọ́lété, Bódè, Pópóyemọja àti Ìdí Àrẹrẹ wọlé. Ìdí méjì ni. Ìkíní, ère Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà wà ní Challenge. Obìnrin yìí kò mú idà, ṣùgbọ́n ọjà rẹ̀ ló ń ti ogun lẹ́yìn: òun ló ń fún àwọn jagunjagun ní ìbọn àti ẹ̀tù láwìn, kí wọ́n tó lọ. Ìjà òun àti Ààrẹ Látóòsà ló gbẹ̀mí rẹ̀ ní 1874. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ogun Ìbàdàn ṣe ń rówó ná, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìkejì, orúkọ Bódè fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀: ibodè ni, ẹnu odi. Balógun Ìbíkúnlé ló mọ odi tó gbẹ̀yìn yí ìlú ká, ní nǹkan bí ọdún 1858. Odi ti wó, ilé ti gorí yàrà, orúkọ nìkan ló ṣẹ́ kù sẹ́nu awakọ̀. Nígbà tí ẹ bá kọjá Bódè, ẹ mọ̀ pé láyé ọjọ́un, ibí yìí ni wọn ì bá ti dá yín dúró láti bi yín léèrè ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ ń lọ.

Òkè Màpó ni kí ẹ kọ́kọ́ gùn

Ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọ ọjà, tí ó sì máa ń rẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó rántí òkè. Ẹ yí i padà. Ẹ gòkè nígbà tí ara ṣì le, torí pé láti òkè lẹ ó ti rí bí ìlú ṣe jókòó.

Gbọ̀ngàn ńlá olópòó tó wà lórí òkè yìí, 1925 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, 1929 ni wọ́n ṣí i. Ẹnjiníà Robert Jones ló darí iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n tún un ṣe ní 2006, nígbà tí Rashidi Ladọja jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹ kí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ béèrè bóyá àyè wà láti wọ inú rẹ̀. Bí kò bá sí àyè, ẹ má banú jẹ́. Ìta rẹ̀ lẹ tìtorí rẹ̀ wá.

Ẹ rìn yí ilé náà ká pátápátá, ẹ má ṣe yára. Páànù aláwọ̀ ilẹ̀ lẹ ó rí níbi gbogbo, òrùlé lé òrùlé, tí wọ́n ń gun òkè, tí wọ́n ń sọ̀ sí àfonífojì, títí ojú ò fi lè tó o mọ́. Ẹ wá Mọ́ṣáláṣí Ńlá Ọjà Ìbà nísàlẹ̀. Ibi tó wà ni àárín ìlú. Ẹ wá wo bí agboolé ṣe ṣù yí i ká, tí àwọn ọ̀nà sì jáde láti ibẹ̀ bọ́ sí ìhà Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́, Ìwó àti Abẹ́òkúta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá bá mi dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí òpópónà tó tọ́ níbí." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Balógun kọ̀ọ̀kan ló mú ibi tó wù ú, tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì kọ́lé yí i ká. Ọ̀nà tó wà láàárín wọn ni àyè tí ó ṣẹ́ kù.

Mo ní èrò kan nípa gbọ̀ngàn yìí, èmi ni mo sì ni ín. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹjọ 1893, Baálẹ̀ Fíjàbí àti àwọn ìjòyè tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, Ọ̀gágun Bower sì di àjẹ́lẹ̀, aṣojú ìjọba wọn, àkọ́kọ́ níbí. Ìlú tó ń rán àjẹ́lẹ̀ sí ìlú ẹlòmíràn wá di ẹni tí wọ́n rán àjẹ́lẹ̀ sí. Nígbà tí ìjọba yẹn fẹ́ kọ́ ilé ńlá, orí òkè tó ń wo ọjà àwọn ológun láti òkè wá sílẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí. N kò rò pé ó ṣèèṣì. Síbẹ̀, Ìbàdàn ti gba ilé náà lọ́wọ́ wọn. Ibẹ̀ ni ohùn Adégòkè Adélabú ti ń dún láyé òṣèlú àwọn ọdún 1950. Ibẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ wá ní oṣù Kọkànlá 1968 láti fi ẹ̀hónú hàn nípa owó orí, tí ẹ̀mí sì ṣòfò, nígbà Àgbẹ́kọ̀yà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fi Ọba Lékan Balógun jẹ ní 2022, Ọba Ọlákùléhìn ní 2024, àti Ọba Ladọja ní 2025, ẹni tó jẹ́ gómìnà nígbà tí wọ́n tún ilé náà ṣe.

Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sínú ọjà

Ẹ fẹsẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má wọ ọ̀kadà. Ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí ni kí ẹ dúró sí díẹ̀, kí ẹ má sì dí ọ̀nà mọ́ alábàrù. Èlùbọ́, ata, ewé àti egbò, aṣọ, ọṣẹ dúdú, gbogbo rẹ̀ ń lọ níwájú yín. Ní ibi tí ẹ dúró sí yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ní nǹkan bí 1829, àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé parapọ̀, wọ́n ti fọ́ Òwu, wọ́n sì ti fọ́ àwọn ìlú Ẹ̀gbá káàkiri. Wọ́n dé Ìbàdàn, wọ́n bá a láhoro. Òjò ń bọ̀, ó ti rẹ ẹṣin, ilé sì wà nílẹ̀. Wọ́n pàgọ́. Máyẹ̀ Okùnadé, akọni ará Ifẹ̀, ni olórí wọn; Lábòsíndé ló tẹ̀ lé e; Lákanlẹ̀ sì ni aṣíwájú àwọn Ọ̀yọ́. Àwọn olórí wọ̀nyí kọ́lé sítòsí ọjà. Àwọn Ìjẹ̀bú mú ìhà gúúsù, tí a ń pè ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú títí di òní. Ẹ ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹ bá gba Ìdí Àrẹrẹ. Àwọn Ẹ̀gbá tó wà láàárín wọn kò lè fara da ìyà, wọ́n tẹ̀ lé Ṣódẹkẹ́ lọ sí abẹ́ Olúmọ ní 1830.

Ohun tó tú Ifẹ̀ àti Ọ̀yọ́ ká kò ju ààlà ilẹ̀ lọ. Aládùúgbò méjì ń jà lórí ilẹ̀ ilé, Máyẹ̀ dá sí i, ó yọ idà, ó bẹ́ ẹnì kan lórí. Ìlú dìde. Wọ́n lé Máyẹ̀ jáde. Ó kó ogun padà wá, ogun náà ni Gbánámú, ní 1833. Àwọn àgbà ní wọ́n súnmọ́ra débi pé ẹnì kan á gbá ìdí ìbọn gbígbóná ẹnì kejì mú, ìyẹn ni pé wọ́n gbá iná mú. Máyẹ̀ kú níbẹ̀, agbára sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn wọn ni Olúyọ̀lé gòkè. Láti inú ìlú tó dìde yípo ojúde yìí ni ogun ti jáde tó dá àwọn Ìlọrin dúró ní Òṣogbo ní 1840, tó fọ́ Ìjàyè ní 1862, tó sì lọ há sí ogun Kírìjì láti 1877.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ orúkọ àwọn akọni náà bí Ìbàdàn ṣe ń pè wọ́n, ẹ wá àgbà obìnrin kan tó mọ oríkì ìlú. Á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ìlú Ògúnmọ́lá, olódògbò kẹ́rí lójú ogun." Ẹ jẹ́ kí ó parí kí ẹ tó béèrè ìtumọ̀. Ẹ fún un lówó. Iṣẹ́ ló ṣe fún yín.

Nípa fọ́tò: ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ yà. "Ìyá mi, ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ó jẹ́ kí n ya àtẹ yín?" Púpọ̀ nínú wọn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún gèlè wé. Bí ó bá kọ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ kọjá. Ìgbà kan wà tí mo yọ fóònù síta láìbéèrè. Gbogbo ìsọ̀ yẹn ló dákẹ́, ojú sì tì mí débi pé n kò lè ra nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Nínú agboolé

Ibi yìí ni ọkàn mi wà jù. Ilé Lábòsíndé ṣì wà ní Ọjà Ìbà. Ẹni tó fẹ́ jẹ Olúbàdàn gbọ́dọ̀ ya ibẹ̀ fún ètùtù kí ó tó gun Màpó. Ẹ lè kí àwọn ará ilé náà; ẹ má bèèrè láti wọ ibi ètùtù, ẹ má sì na kámẹ́rà sí i.

Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà agboolé yòówù, ẹ dúró níta, kí ẹ kí: "Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ilé. Àlejò ni wá. A wá kí yín ni, a sì fẹ́ gbọ́ ìtàn ilé yín bí ẹ bá gbà fún wa." Wọ́n á pe àgbà, tàbí Mógàjí, olórí agboolé, fúnra rẹ̀. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀. Ẹ jókòó síbi tí wọ́n bá fi hàn yín, ẹ gba omi tí wọ́n bá gbé wá. Ìtàn kì í jáde láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìbéèrè tó dára jù tí mo mọ̀ ni èyí: "Bàbá, oyè wo ni ilé yìí ti jẹ rí?" Torí pé oyè Ìbàdàn, ipò ogun ni. Ìlà méjì ló wà, ti Ọ̀tún àti ti Balógun. Mógàjí á bẹ̀rẹ̀ láti Jagun, á sì máa gòkè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí àwọn tó wà níwájú bá ṣe ń papò dà. Ẹ fetí sí àwọn orúkọ náà: Ààrẹ Oníbọn, Ààrẹ Alásà, Ààrẹ Àgọ́, Badà, Gbọ̀ńkáà. Ìbọn, asà, àgọ́. Bí wọ́n ṣe ń to ogun nìyẹn. Kò sí ìdílé kan tó lè ní tòun nìkan ni. Nínú àgọ́, ọwọ́ ẹni ló ń gbé ènìyàn ga. Kò sí ìlú Yorùbá ńlá mìíràn tí mo mọ̀ tí ẹ ti lè jókòó ti bàbá arúgbó kan tó ń lo ipò ológun ọgọ́rùn-ún ọdún méjì sẹ́yìn, tó sì ń retí ìgbéga.

Agboolé méjì á sọ ìtàn ogun kan náà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò jẹ́. Ẹ má ṣe bá wọn jiyàn, ẹ má sì gbé ọ̀rọ̀ ilé kan lọ sí ilé kejì.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ béèrè: "Ta ni ẹrú nínú yín?" Ogun kó èèyàn wọ ìlú yìí láti Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti ibi púpọ̀. Wọ́n fẹ́ra, wọ́n bímọ, ọmọ wọn di ọmọ ilé. Àwọn mìíràn nínú àwọn tí ogun ìgbà náà kó ni wọ́n tà sí etí òkun, tí àrọ́mọdọ́mọ wọn sì wà ní Bràsíì àti Kúbà lónìí. Bí ẹni tó ń ka èyí bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, tàbí tó jẹ́ ọmọ Èkìtì tí ìdílé rẹ̀ ṣì ń rántí àjẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, mo mọ̀ pé ojúde yìí á kan yín lára lọ́nà mìíràn. Ẹ jókòó nídìí mọ́ṣáláṣí, kí ẹ dákẹ́ bí ẹ bá ṣe fẹ́ tó. Mo ti mú irú àlejò bẹ́ẹ̀ wá rí. Ìyá alágbo kan ló wo ojú rẹ̀, ó fà á mọ́ra láìbéèrè ohunkóhun.

Kúdẹtì, bí àyè bá wà

Kúdẹtì ò jìnnà. Ibẹ̀ ni àwọn àjíhìnrere David àti Anna Hinderer kọ́ ìjọ sí ní 1853, tí wọ́n sì wà títí ogun Ìjàyè fi dí ọ̀nà, tí ebi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Yéjídé àti Akínyẹlé, ọmọ jagunjagun Olúńlóyọ̀ọ́, wà lára akẹ́kọ̀ọ́ wọn àkọ́kọ́. Wákàtí kan tó.

Láyípo ló gbẹ̀yìn

Ẹ jẹun kí ẹ tó gòkè kejì. Ní àdúgbò yìí, àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú ni, ẹ jẹ ẹ́ kí ó tó di aago méjì, torí pé àmàlà gbígbóná kì í dúró de alẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Micra lọ sí Òkè Ààrẹ. Ilé ìṣọ́ gíga tó wà lórí rẹ̀, 1936 ni wọ́n kọ́ ọ ní ìrántí Ọ̀gágun Bower, ó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 60. Láyípo ni àwọn ará ìlú ń pè é, nítorí àtẹ̀gùn inú rẹ̀ tó ń lọ́ yípo. Ó tóóró: ẹnì kan ló lè gòkè bí ẹnì kan ò bá sọ̀. Ẹni tí òòyì máa ń kọ́, kí ó dúró nísàlẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó gun un.

Lókè, ẹ kọjú sí Màpó. Ẹ wá àwọn òpó rẹ̀, ẹ wá mọ́ṣáláṣí Ọjà Ìbà nítòsí rẹ̀, kí ẹ wá fi ìka tọ ọ̀nà láti ibẹ̀ lọ sí ìhà Bódè. Ọ̀nà tí ẹ gbà wọlé láàárọ̀ ni. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, torí pé òkùnkùn máa ń tètè mú nínú àtẹ̀gùn yẹn. Ọkọ̀ Bẹẹrẹ á ṣì wà nísàlẹ̀ òkè.